Kí O Tó Kó Ológbò, Ajá àti Ìkòkò Ewúro Rẹ Lọ Sílé Tuntun

Àbúrò mi, mo gbọ́ pé o ti gba kọ́kọ́rọ́ ilé tuntun. Mo mọ bí orí rẹ ṣe gbóná tó báyìí: owó éjẹ́ńtì, owó ọkọ̀, bẹ́ẹ̀dì tí kò gba ẹnu ọ̀nà, firíìjì tí wọn ò gbọdọ̀ dà délẹ̀. O ti ka gbogbo ẹrù rẹ sínú ìwé. Jọ̀ọ́, tún ìwé yẹn wò. Ṣé ológbò wà níbẹ̀? Ṣé àwọn ìkòkò ewéko tó wà ní bálíkónì wà níbẹ̀? Èmi náà ka ẹrù mi bẹ́ẹ̀ nígbà kan, mi ò ka ohun ẹlẹ́mìí mọ́ ọn, ohun tí mi ò kà yẹn ló sì pa mí lẹ́kún.

Lọ́dún 2016, mo kó láti Muṣin lọ sí Sùúrùlérè l'Ékòó. Mo ki ológbò mi sínú àpò ìrẹsì, mo dá ihò sí i lára kó lè mí, mo sì gbé e sí ẹ̀yìn ọkọ̀ láàárín ìkòkò ọbẹ̀ àti fáànù. Nígbà tí a débẹ̀, mo tú ẹnu àpò ní pálọ̀, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ gbayawu nítorí àwọn alábàárù ṣì ń kó ẹrù wọlé. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti fò lé páálí, ó ti gba ẹnu ọ̀nà jáde. Mo pè é títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọjọ́ kẹrin ni ará ilé wa àtijọ́ pè mí lórí fóònù pé òun ń gbọ́ igbe ológbò lórí páànù. Òun ni. Ó ti rìn padà sí Muṣin, ó ti kọjá títì tí ọkọ̀ kì í dá lórí rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti bó, egungun ìhà rẹ̀ ti yọ síta. Orí òrùlé ilé tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa níbẹ̀ mọ́ ló jókòó sí, tó ń dúró.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́: ajá mọ ẹni, ológbò mọ ilé, adìẹ mọ ibi tó ń sùn, ewéko mọ ilẹ̀ tí gbòǹgbò rẹ̀ dì mú. Ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dì mú ni kí o wá ọ̀nà láti bá a gbé lọ. Bí o bá gbé ara ológbò lọ, tí o kò gbé ilé rẹ̀ tẹ̀ lé e, yóò padà lọ wá ilé náà fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí mo fẹ́ kó kúrò ní Sùúrùlérè lọ sí Akóbọ̀ n'Ìbàdàn lọ́dún 2022, mo ti gbọ́n díẹ̀. Ajá kan, ológbò méjì, àgbébọ̀ adìẹ mẹ́rin àti ìkòkò ewéko mẹ́tàdínlógún ni mo ní. Mo bẹ̀rẹ̀ ètò tiwọn ní oṣù kan gbáko kí n tó wá páálí fún àwo.

Jẹ́ kí n ti orí ológbò bẹ̀rẹ̀, torí òun ló le jù. Kì í ṣe ojú ni ológbò fi ń mọ ilé, imú ni. O ti rí i bó ṣe máa ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ pa ẹsẹ̀ tábìlì àti etí ilẹ̀kùn. Òórùn ara rẹ̀ ló ń fi síbẹ̀, àwa kì í gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n òun ń gbọ́ ọ, òórùn náà ló sì ń sọ fún un pé ilé òun nìyí. Ilé tuntun kò ní òórùn kankan tó mọ̀ àfi ti ọ̀dà àti ti ayálégbé tó jáde. Ẹ̀rù tó máa bà á níbẹ̀ kì í ṣe àṣejù. Ohun tí mo ṣe ni pé mo mú àkísà mímọ́, mo fi ń pa àwọn ológbò mi ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Lọ́jọ́ tí mo lọ gbá ilé tuntun, mo fi àkísà náà nu ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, etí ilẹ̀kùn àti igun ògiri, níwọ̀n gíga ibi tí orí ológbò lè dé. Aṣọ tí wọ́n ń sùn lé, mi ò fọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé nígbà ìkẹ́rù, ó máa ń wù wá ká fọ gbogbo nǹkan kó lè mọ́ wọ ilé tuntun. Èyí nìkan ni kí o fi sílẹ̀ bó ṣe wà.

Apẹ̀rẹ̀ ni kí o fi gbé e, èyí tó ní ìdérí tó ṣeé dì. Kì í ṣe àpò. Gbé apẹ̀rẹ̀ náà sílẹ̀ ní yàrá ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ṣí i sílẹ̀, tẹ́ aṣọ rẹ̀ sínú rẹ̀, kí o sì máa fi orí ẹja sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá di ọjọ́ ìkẹ́rù, á ti rí i bí ibùsùn, kò ní rí i bí ẹ̀wọ̀n. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, kí àwọn alábàárù tó dé, ti ológbò mọ́ ilé ìwẹ̀, kí o sì lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé kí ẹnikẹ́ni má ṣí i. Òun ni kó kẹ́yìn jáde nílé àtijọ́.

Tí o bá dé ilé tuntun, yàrá kan ṣoṣo ni kí o fún un. Gbé omi àti oúnjẹ rẹ̀ sí igun kan, kí o gbé yanrìn tó ń ṣu sí sí igun kejì, torí ológbò kì í fẹ́ jẹun lẹ́bàá ìgbẹ́ rẹ̀. Á wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Má fà á jáde. Ìwọ ṣáà jókòó sílẹ̀, kí o máa ṣẹ́ ẹ̀fọ́ tàbí kí o máa ṣa ẹ̀wà, kí o máa bá a sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́. Tó bá ti ń jáde wá fúnra rẹ̀, ṣí yàrá kejì. Ìta ńkọ́? Ó di ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó kéré tán, kí o sì jẹ́ kí ebi máa pa á díẹ̀ lọ́jọ́ tí o máa kọ́kọ́ jẹ́ kó jáde, kó lè rántí ibi tí àwo wà. Ọ̀kan nínú tèmi jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ kejì. Ó gba èkejì ní ọjọ́ mọ́kànlá. Ẹ̀dá ni wọ́n, wọn kì í ṣe ìbejì nínú ìwà.

Ohun méjì péré ni kí o má fi falẹ̀. Bí ológbò bá lo ọjọ́ kan sí méjì láìjẹun rárá, gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, torí ẹ̀dọ̀ ológbò kì í fara da ebi ọjọ́ púpọ̀ bíi ti ajá. Èkejì, mo bẹ̀ ọ́, má fún un ní parasitamọ́ọ̀lù nítorí pé o fẹ́ kí ara rẹ̀ balẹ̀ nínú ọkọ̀. Àwọn ènìyàn máa ń ṣe é pẹ̀lú èrò rere. Parasitamọ́ọ̀lù a máa pa ológbò, kódà ìwọ̀n kékeré. Bí o bá rò pé ìrìn náà á le fún un, dókítà ẹranko ni kó sọ ohun tí o máa lò.

Ọ̀rọ̀ ajá yàtọ̀. Ìwọ gan-an ni ilé ajá. Ibi tí o bá tẹ́ ẹní sí, ibẹ̀ ló máa sùn. Má-yọ̀-mí ni orúkọ ajá mi, ọkọ mi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, irú orúkọ tí àwọn àgbà fi ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ láìya ẹnu. Ohun tó ń ba ajá lẹ́rù lọ́jọ́ ìkẹ́rù ni pé ojú rẹ kò dúró lára rẹ̀: ò ń pariwo, ò ń sáré, àjèjì ń gbé àga rẹ lọ, ìwọ náà sì ń wò wọ́n. Nítorí náà, yan ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò ju ajá lọ. Ọmọ àǹtí mi ni mo fi iṣẹ́ yẹn lé lọ́wọ́, kò gbé páálí kankan, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ju gbogbo alábàárù lọ.

Ṣùgbọ́n kí o tó san kọ́bọ̀ fún ilé, bi lánlọ́ọ̀dù léèrè ní kedere bóyá ó gba ajá láàyè. Má jẹ́ kí éjẹ́ńtì fi «kò sí wàhálà» dá ọ lóhùn. Lánlọ́ọ̀dù gan-an ni kí o bi, kí o sì jẹ́ kó wọ inú ìwé àdéhùn. Àìbéèrè yìí ló ń mú kí àwọn ènìyàn máa wá ẹni tó máa bá wọn gba ajá ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dé. Lọ kí àwọn ará ilé náà pẹ̀lú. Ìyá àgbà kan ní ìsàlẹ̀ wa l'Akóbọ̀ jẹ́ Mùsùlùmí, kò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ ìkírun rẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. A ṣe é pé tí mo bá fẹ́ mú Má-yọ̀-mí jáde, ẹ̀yìn ilé la máa gbà. Ọ̀rọ̀ náà kò gbà wá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ nítorí pé èmi ni mo kọ́kọ́ lọ bá a.

Ojú ọ̀nà ńkọ́? Màrósẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kò ju nǹkan bíi kìlómítà 127 lọ, àmọ́ ẹni tó bá ti há sí Kárà tàbí Ìbàfò rí mọ̀ pé wákàtí là ń kà níbẹ̀, kì í ṣe kìlómítà. Má fún ajá lóúnjẹ ní wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin kí ẹ tó gbéra, kó má bàa bì. Gbé omi dání. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń làágùn díẹ̀, mímí hẹlẹhẹlẹ tó ń yọ ahọ́n síta ló fi ń tu ara rẹ̀ lára. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n páàkì sínú oòrùn, afẹ́fẹ́ á gbóná débi pé mímí náà ò ní ràn án lọ́wọ́ mọ́, kì í sì í pẹ́. Bí ẹ bá yà ní Ògèrè láti ra búrẹ́dì, kí ẹnì kan dúró ti ajá. Má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀, kódà tí o bá já gíláàsì sílẹ̀ díẹ̀. Má sì so ó mọ́ ẹ̀yìn lọ́rì tó ṣí sílẹ̀ láàárín ẹrù.

Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ni kí o fi sínú báàgì tó wà lára rẹ, kì í ṣe nínú páálí. Àdúgbò tuntun ní ajá tí o kò mọ ìlera rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó ń dènà àrùn digbòlugi ṣeé gún fún ajá láti ọmọ oṣù mẹ́ta, kí a sì máa tún un gún lọ́dọọdún. Bí tìrẹ bá ti kọjá ọdún kan, lọ gún un kí ẹ tó kó. N'Ìbàdàn, ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, nítorí náà, ẹni tó bá kó wá síbẹ̀ kò ní wá dókítà tì. Bí ajá àdúgbò bá sì bù ọ́ jẹ tàbí bu ọmọ jẹ, fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Má dúró wò ó bóyá ajá náà máa ṣàìsàn.

Kí ẹsẹ̀ ẹran kankan tó tẹ ilé tuntun, ìwọ ni kó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, wo abẹ́ síǹkì, wo orí àjà tí o bá lè dé ibẹ̀. Ayálégbé tó jáde lè ti da oògùn eku síbẹ̀ pẹ̀lú ẹja gbígbẹ, kó sì ti gbàgbé rẹ̀. Mo rí ìdì mẹ́ta nínú kíṣìnnì mi l'Akóbọ̀. Tí mo bá ti tú àwọn ológbò sílẹ̀ kí n tó gbálẹ̀, ìtàn mìíràn ni ǹ bá máa sọ fún ọ. Yí ọgbà po pẹ̀lú. Bí lápálàpá bá wà níbẹ̀, ṣa èso rẹ̀ kúrò nílẹ̀, torí májèlé ni. Òdòdó tí ewé rẹ̀ tóbi tó ní tótótó funfun, tí àwọn olódòdó ń pè ní dumb cane, a máa gún ẹnu ajá àti ológbò bí abẹ́rẹ́, ẹnu á sì wú. Gbé e sókè tàbí kí o fi tọrẹ.

Ti adìẹ kò gùn. Alẹ́ ni kí o gbé wọn, nígbà tí wọ́n bá ti gun ibi tí wọ́n ń sùn, tí ojú wọn kò ríran mọ́. Wọn ò ní jà, wọn ò ní ya ìyẹ́. Fi wọ́n sínú àgò, tẹ́ koríko sí i. Níbi tuntun, sé wọn mọ́ ilé wọn fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí o tó jẹ́ kí wọ́n jẹ̀ lọ, nítorí ibi tí ilẹ̀ bá ṣú adìẹ sí léraléra ló máa ń kà sí ilé. Ìyá mi máa ń fi àkísà so wọ́n lẹ́sẹ̀ mọ́ èèkàn, ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n okùn a máa jẹ́ kí ẹsẹ̀ wú, mo fẹ́ ká sé wọn mọ́lé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n lè má yé ẹyin fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìwọ náà mọ òwe náà, ẹsẹ̀ kan ni adìẹ tó dé ìlú tuntun fi ń dúró. Fún un láyè kó sọ ẹsẹ̀ kejì kalẹ̀.

Wàyí o, ewéko. Mo fẹ́ràn apá yìí jù, torí àwọn ènìyàn máa ń sunkún lórí ohun tí wọn ò nílò láti gbé rárá. Ọ̀pọ̀ nínú ewéko ilé wa, ọ̀pá kan tàbí ewé kan tó láti gbé e dé ibikíbi. Ewúro ẹ̀yìn ilé rẹ tó ti ga dé fèrèsé, má wú u. Gé ọ̀pá tó ti gbó díẹ̀, tó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kékeré, kó ní ojú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, já ewé rẹ̀ kúrò, fi àkísà tútù wé ìdí rẹ̀, kó sì wà níbi òjìji. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Rì í mọ́lẹ̀ níbi tuntun, á sọ. Bẹ́ẹ̀ ni pèrègún, bẹ́ẹ̀ ni akòko tí a fi ń jẹ oyè. Ṣé o rí àbámodá? Ewé kan ṣoṣo ni kí o tẹ́ sórí ilẹ̀ tútù, ọmọ á yọ létí ewé náà yípo. Efinrin, gé ọ̀mùnú rẹ̀ tàbí kí o gbọn irúgbìn rẹ̀ sínú bébà. Nínú ìkòkò mẹ́tàdínlógún tí mo ní, mẹ́fà péré ni mo gbé. Ìyókù wá nínú ọ̀rá kan tí mo gbé lé itan.

Èyí tí o bá máa gbé pẹ̀lú ìkòkò, bomi rin ín ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí o wá fi í sílẹ̀. Erùpẹ̀ tó tutù jù wúwo, ó sì ń dà sórí tìmùtìmù. Erùpẹ̀ tó gbẹ pátápátá a máa tú kúrò lára gbòǹgbò. Gbé ìkòkò sókè kí o wo ìdí rẹ̀, torí èèrà àti ìgbín máa ń fara pamọ́ síbẹ̀, o ò sì ní fẹ́ kó ilé èèrà lọ fún ara rẹ. Ewé tó ní ohun funfun bí òwú lábẹ́ rẹ̀, gé e dànù, má gbé àrùn lọ sí ọgbà mìíràn. Fi ìró àtijọ́ wé ewé yípo kí atẹ́gùn má gbá a. Ẹ̀yìn lọ́rì tó ṣí, lórí eré tí ọkọ̀ ń sá ní màrósẹ̀, a máa fá ewé tó rọ̀ dànù láàárín wákàtí kan. Mo pàdánù fúláwà kan tí mo ti tọ́ fún ọdún mẹ́fà bẹ́ẹ̀ ní 2016, igi lásán ló dé Sùúrùlérè.

Bí o bá lè yan àkókò, yan oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà, nígbà tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa. Ohun tí a bá gbìn nígbà yẹn, òjò ló ń bá wa tọ́ ọ. Ìgbà ọyẹ́ ló burú jù, ewé á máa gbẹ kí gbòǹgbò tó mú ilẹ̀. Bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́ ni lánlọ́ọ̀dù lé ọ, gé ewé kúrò tó ìdajì, kí o fi ìkòkò sábẹ́ òjìji, má sì pààrọ̀ ìkòkò rẹ̀ rárá. Kódà nígbà òjò, má pààrọ̀ ìkòkò kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé. Ó ti pààrọ̀ ilé, jẹ́ kí ìyẹn tó o ná. Ewé kan tàbí méjì á jábọ́. Má torí ẹ̀ máa da omi lé e lórí, omi àpọ̀jù ló ń pa wọ́n ní ilé tuntun ju oòrùn lọ.

Igi tó wà nílẹ̀ ńkọ́, máńgòrò tí o gbìn lọ́dún tí o bímọ? Fi í sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń dùn ọ́. Bẹ lánlọ́ọ̀dù kí wọ́n má gé e, kó èso rẹ̀ dání, kí o sì gbin kóró rẹ̀.

Bí ìlú Òyìnbó ni o ń kó lọ ńkọ́? Àwọn àbúrò tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù máa ń bi mí nípa ajá wọn nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ti pẹ́ jù nígbà yẹn. Wọ́n máa kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ìdánimọ̀ kékeré tí a ń pè ní microchip sí i lábẹ́ awọ, lẹ́yìn náà ni abẹ́rẹ́ digbòlugi. Ó kéré tán, ọjọ́ 30 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni wọ́n máa tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, oṣù mẹ́ta gbọ́dọ̀ pé láti ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà, kó tó lè wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ajá tún gbọ́dọ̀ lo oògùn aràn láàárín wákàtí 24 sí 120 kó tó débẹ̀. Kà á, ó tó oṣù mẹ́rin, ó kéré tán. Ewéko inú ìkòkò ní tiẹ̀, fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Má gbé erùpẹ̀ sínú àpótí, wọn á gbà á lọ́wọ́ rẹ.

Ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ l'Akóbọ̀, mi ò lọ síbi iṣẹ́. Mo máa ń jáde ní géètì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo máa ń padà, kí Má-yọ̀-mí lè mọ̀ pé tí mo bá jáde, mo máa wọlé. Kò gbó rárá. Ẹni tó ń ta omi wọlé, ó wò ó. Éjẹ́ńtì wọlé, ó gbé orí lé ẹsẹ̀. Ọkọ mi ní bóyá ó ń ṣàìsàn. Mo ní rárá, kò tíì mọ̀ pé tiwa ni ilé náà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ní nǹkan bí aago méje àárọ̀, ẹnì kan kan géètì. Mo gbọ́ ọ láti kíṣìnnì, ó gbó lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó sì wá gbó títí géètì fi ń mì. Mo nu ọwọ́ mi, mo sáré jáde, mo ń ké pé, «Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níta, mo ń bọ̀ wá dì í mú!»